Ọmọ ọdún 15 ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ta ló kọ́ ọ?

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ fọ́. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, alájọ dé, mo tú àpò tí mo máa ń so mọ́ ìdí, owó kò pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. ₦7,400 ló dín. Ọmọbìnrin tó ń bá mi wọn ọjà ni mo kọ́kọ́ fura sí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ fọ báàgì ilé ìwé ọmọ mi ọkùnrin, SS1 ló wà, ọdún 15. Inú ìwé ìṣirò rẹ̀ ni mo ti bá àwọn bébà pẹlẹbẹ kan, irú èyí tó ń jáde lára ẹ̀rọ POS. Wọ́n tó mọ́kànlélógún. Ó tò wọ́n lọ́jọ́ lọ́jọ́. Lẹ́yìn ìwé náà, ó fi rúlà fa ìlà, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sí apá kan, ó kọ iye owó sí apá kejì. Ká sọ tòótọ́, ó mọ́ ju iṣẹ́ ìṣirò tó wà níwájú ìwé kan náà lọ.

Nígbà tí mo bi í, kò purọ́. Ó ní òun fẹ́ dá owó náà padà ní Sátidé, pé eré kan péré ló gé òun, ìyókù lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà ló wọlé.

Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Onípákó Mushin
Pàṣán ni oògùn rẹ̀. Àwa náà jí ẹran nínú ìkòkò nígbà èwe, wọ́n nà wá, a ṣíwọ́. Ẹ nà án dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó o lọ fún ìyá àgbà lóko, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Abẹ́rẹ́ Ò Ṣìṣe
Bàbá wa, níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé mọ́? Mo lọ síbi ìsìnkú kan lóko lóṣù tó kọjá, kíósìkì tẹ́tẹ́ mẹ́ta ni mo kà kí n tó dé ilé olóòkú.

Tíṣà Ìṣirò
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama fún ọdún 22. Kẹ́ ẹ tó mú pàṣán, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè méjì. Ta ló ń ta tẹ́tẹ́ nílé yín? Ta ló sì kọ́kọ́ rán ọmọ yìí lọ sí kíósìkì?

Ìdí tí mo fi béèrè nìyí. Mò ń kọ́ SS2 lọ́dún kan ní ìṣirò onídẹ́símà. Mo kọ 1.85 sójú pátákó, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 2.10. Kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lára pátákó, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní, "3.885, sà." Ọmọ yẹn gba 12 nínú 40 nínú ìdánwò tó ṣáájú. Mo ní, ibo lo ti kọ́ èyí? Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi ni, sà. Àwa méjèèjì la jọ máa ń ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì." Kò sí ọmọ tó ń dá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ló jókòó tì í, ẹni náà sì dàgbà jù ú lọ.

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Tíṣà, ẹ ti bá mi níbi tí mò ń sá fún.

Bàbá rẹ̀ ló ń ta. Kì í mutí, kì í rin ìrìn òru, gbogbo fàájì rẹ̀ kò ju tẹ́tẹ́ Sátidé lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá a jà. Ó máa ń kọ kóòdù àwọn eré tó yàn sórí bébà, á ní kí ọmọ yìí sáré lọ bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíósìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Láti JSS2 ló ti ń rán an.

Ọ̀kan tún wà tí ojú ń tì mí láti sọ. Nígbà Kérésì tó kọjá, bàbá rẹ̀ ní kó bá òun yan eré kan. Ó yàn án, ó wọlé. ₦18,000. Bàbá rẹ̀ gbé e sókè láàárín pálọ̀. Adìyẹ tí a fi owó náà rà, èmi ni mo sè é. Èmi fúnra mi ni mo ní, "Ọmọ mi, olórí ire ni ẹ́." Táàmù yẹn kan náà ló ṣe ipò kẹta ní kíláàsì. Mi ò rántí ohun tí mo sè lọ́jọ́ tó mú èsì yẹn wálé.

Abẹ́rẹ́ Ò Ṣìṣe
Hùn. Ọ̀rọ̀ adìyẹ yìí bá mi dénú. Mo gbóríyìn fún ọmọbìnrin mi lánàá pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn dáadáa, àṣé irọ́ ló pa fún oníbàárà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì
Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tèmi, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ọmọ iṣẹ́ méje ló wà lọ́dọ̀ mi, àwọn òbí wọn ní kí n bá àwọn kọ́ wọn níṣẹ́ àti ní ìwà. Lọ́jọ́ kan, abẹ́ Camry kan ni mo wà tí kọ́sítómà míì pè mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mo ń bọ̀, mo ti dé Mọ́kọ́lá." Mi ò kà á sí nǹkan kan, gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe é. Bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 16, pé kó lọ ra bíréèkì páàdì ní Gate. Ó pẹ́. Mo pè é. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ń bọ̀, mo ti dé Mọ́kọ́lá." Ohùn rẹ̀ kò mì rárá. Mo gbójú sókè báyìí, òun ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Irọ́ náà kọ́ ló dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́kọ́lá yẹn ni. Ìbàdàn tóbi o. Nínú gbogbo Ìbàdàn, ibi tí èmi máa ń dárúkọ gan-an ló dárúkọ. Mi ò lè nà án. Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó ṣe? Láti ọjọ́ yẹn, tí mi ò bá tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ lójú gbogbo wọn pé, "Mi ò tíì kúrò níbí, sà." Mo ti pàdánù kọ́sítómà méjì nídìí ẹ̀. Ọmọ yẹn náà kò tíì "dé Mọ́kọ́lá" mọ́.

Bàbá Onípákó Mushin
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀ ń di gbogbo ẹ̀bi ru òbí. Ẹgbẹ́ ló bà á jẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá rìn ńkọ́?

Tíṣà Ìṣirò
Bàbá, ẹ jàre lápá kan. Lọ́dún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Temple ní Amẹ́ríkà, kó èèyàn 306 jọ, wọ́n ní kí wọ́n wa mọ́tò kan nínú eré kọ̀ǹpútà. Bó o bá ṣe pẹ́ tó kó o tó tẹ bíréèkì ni máàkì tó o máa rí ṣe ń pọ̀ tó, àmọ́ bó o bá forí sọ ògiri, gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà ní ọdún 13 sí 16, nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn bá dúró tì wọ́n, wọ́n á máa fi ẹ̀mí wewu gan-an ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ. Àwọn tó ti pé ọdún 24 sókè, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, bákan náà ni wọ́n ṣe wa mọ́tò wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo kíósìkì yẹn dáadáa. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dúró tì í lóòótọ́. Ta ló ni kíósìkì? Ta ló ni fóònù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì? Ta ló ń na ọwọ́ gba owó? Ẹgbẹ́ ló ń pàtẹ́wọ́, àgbà ló ṣílẹ̀kùn.

MoTiJáwọ́
Ẹ̀yin Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo ta á láti ọdún 14 títí mo fi fi owó JAMB ta á lẹ́ẹ̀mejì. Ìwàásù kò ràn mí. Bàbá mi nà mí, mo ń sunkún, mo ń ro eré alẹ́. Àbúrò ìyá mi tó ń bá mi wí lọ́sàn-án, òun náà ló ń béèrè kóòdù lọ́wọ́ mi lálẹ́.

Ọ̀gá kan tó ń tún fóònù ṣe ni mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé mò ń ta. Kò sọ ọ́ sí mi fún oṣù méjì. Alaalẹ́ ló máa ń da owó ọjọ́ yẹn síwájú mi, á ní kí n kà á, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, òun á máa ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ₦2,000 dín. Kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ lo kà á," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ. Mo dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ṣì ta á lẹ́yìn ìyẹn o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan owó rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń jáwọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo lè bá yín sọ rèé. Ẹ bá bàbá sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bá ọmọ sọ ọ́, kí ọmọ má sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 15 kò lè ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ lórúkọ ara rẹ̀, torí náà ẹ wádìí àkáǹtì ta ló ń lò. Bó bá jẹ́ èmi, ti bàbá ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí bàbá yí PIN padà lónìí. Ẹ bi í bóyá ó jẹ ọ̀rẹ́ kankan lówó, torí gbèsè ló máa ń jẹ́ kéèyàn jalè, kì í ṣe tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ, ẹ má san án fún un ní bòókẹ́lẹ́. Kó ṣiṣẹ́ kó san án. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé lara máa ń yún ni jù, ẹ má jẹ́ kó dá wà nígbà yẹn.

Tíṣà Ìṣirò
Kẹ́ ẹ fi èyí kún un: "eré kan péré ló gé mi." Ìdẹ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kó mú owó ẹyọ kan, kó sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó rí i bóyá orí á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni. Tíkẹ́ẹ̀tì eré mẹ́wàá, tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó tó jẹ, bí eré kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́gba-dọ́gba, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Eré kan tó gé e kì í ṣe àṣìṣe, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Á yé ọmọ tó lè fa ìlà tó mọ́ báyẹn. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi tí ẹ bá wà nítòsí.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Ẹ bá mi bi ìyá yìí, jẹsí wo lọmọ yẹn ń wọ̀?

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Jẹsí ẹgbẹ́ kan ní Premier League ni. Bàbá rẹ̀ ló rà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó lórí okùn báyìí. Yéè. Orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló wà láyà rẹ̀ gbàgàdà. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ẹ ṣé. Mo mọ̀. Láti Bódìjà títí dé ibi tí mo wà, jẹsí kan náà làwọn ọmọ wa ń wọ̀. Ní oṣù kẹrin 2023 làwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé bí sáà 2025/26 bá parí, orúkọ tẹ́tẹ́ kò ní sí níwájú jẹsí mọ́. Apá ọwọ́ kò sí nínú àdéhùn. Lọ́tìrì orílẹ̀-èdè ní Ìlú Ọba níbí náà, ọmọ ọdún 16 ń rà á títí di 2021 kí wọ́n tó sọ ọ́ di 18.

Ibi tí inú mi dùn sí jù ni Iceland. Lọ́dún 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 15 sí 16 lọ́hùn-ún, 42 ló ní àwọn mutí yó nínú oṣù tó kọjá. Nígbà tó fi di 2016, 5 ni. Kì í ṣe pé wọ́n ń wàásù fáwọn ọmọ. Àwọn òbí fọwọ́ síwèé láàárín ara wọn pé àwọn kò ní ra ọtí fún ọmọ, àwọn kò sì ní gba àríyá ọtí láyè nílé. Lálẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa rìn ká àdúgbò ní méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta. Òfin ní kí ọmọ ọdún 13 sí 16 ti wà nílé ní aago mẹ́wàá nígbà òtútù. Wọ́n sì fi owó sí bọ́ọ̀lù, orin àti ijó kí ọmọ lè ríbi lọ.

Bàbá Onípákó Mushin
Nọ́ọ̀sì, gbogbo Iceland kò tó 400,000 èèyàn. Mushin nìkan á gbé wọn mì.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Bàbá, ẹ fi Mushin sílẹ̀. Òpópónà yín ńkọ́? Ilé mélòó ló wà níbẹ̀?

Bàbá Onípákó Mushin
Mẹ́rìndínlógún.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ó dáa.

Lọ́yà Kékeré
Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ má kọ lẹ́tà sí Abuja. Ní oṣù kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé National Lottery Act ti 2005, ó ní ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá. Admin, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ìpolówó tẹ́tẹ́ tó ń tàn yanran lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí.

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Mo ti padà dé. Àwa ìyá mẹ́rin ládùúgbò ló lọ sí kíósìkì yẹn lánàá. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu láti ọjà. Ìgbà tá a débẹ̀, ọmọkùnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ, ọmọ ọdún 19 ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun tà fún ẹni tó bá ti mówó wá, pé bí iye tó wọlé kò bá pé lọ́sẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù òun. Ẹjọ́ tí mo rò lọ tú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, o ò rí i pé ọmọdé lọmọ mi ni? Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú. Daddy ló máa ń rán an, mo rò pé Daddy náà ló ṣì ń rán an ni."

A gba nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní òun á lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àwọn kì í tà fún ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù. Yunifọ́ọ̀mù! Bíi pé ọmọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì tó bá wa lọ ní òun á máa gbé tábìlì ata òun síwájú kíósìkì yẹn láti aago méjì ọ̀sán, òun fẹ́ wo ọmọ tó máa kọjá níwájú òun. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ata rẹ̀ náà ń tà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì
Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì. Olójú kì í lajú sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́.

MoTiJáwọ́
Bàbá ńkọ́, Mà?

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Mo bá a sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn. Ó kọ́kọ́ bínú sí ọmọ. Ó bínú sí ọmọ kíósìkì. Ó wá bínú sí mi pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta. Kò mọ orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí o, ẹ má tú mi fó. Ọjọ́ méjì la fi ń kí ara wa bí àlejò.

Lálẹ́ àná, ó pe ọmọ náà sí pálọ̀, ó ní kó mú ìwé ìṣirò yẹn wá. Àyà mi já. Mo ṣe bíi pé mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì, etí mi wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ní kí ọmọ máa kọ bí òun bá ṣe ń kà á. Láti January ọdún tó kọjá. Èyí tó jáde sí apá kan, èyí tó wọlé sí apá kejì. Ọmọ náà ló fa ìlà. Wọ́n kọ ọ́ fún bíi wákàtí kan, ojú ìwé mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, ₦212,600 ló lọ tí kò padà, ₦18,000 adìyẹ wa sì ti wà nínú èyí tó wọlé.

Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Ọmọ náà wá ní, "Daddy, ṣé ìgbà tí wọ́n lé mi wálé torí owó ilé ìwé wà nínú ẹ̀?"

Bàbá Onípákó Mushin
Kí ló wá sọ?

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà
Kò tíì dáhùn. Ó ní kó lọ sùn. Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gbé àpò ẹ̀wà ní Sátidé, ₦1,500 ló ti san nínú gbèsè rẹ̀, ó ku ₦5,900.

Tíṣà Ìṣirò
Ọmọ yẹn bi í ní ìbéèrè gidi. Kí bàbá má jẹ́ kó bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì
Kó sì má sọ fún un pé òun ti dé Mọ́kọ́lá.